Rípà àti àtàǹpàkò lẹ́nu backhoe: èwo ni ká kọ́kọ́ rà fún ilẹ̀ olókùúta Òbàntókò?

Àdìsá Kátakàtà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ kan wà ní Òbàntókò, ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n fẹ́ mọ odi yí ká. Yàrà ìpìlẹ̀ rẹ̀ gùn tó mítà 140, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, jíjìn rẹ̀ mítà 1, kòtò sọ́kàwéè kan sì tún wà níbẹ̀. Kátakàtà oko tó ní agbára ẹṣin 75 ló wà nílẹ̀, ó ní lódà (bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń kó erùpẹ̀) níwájú àti backhoe (apá tó ń walẹ̀) lẹ́yìn, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 24, eyín márùn-ún. Erùpẹ̀ òkè ò lágídí, àmọ́ téèyàn bá ti wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà kan, yangí ló kù. Ní apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, àwọn òkúta roboto ńláńlá wà nínú erùpẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kàn ń yọ̀ lórí yangí ni, eyín rẹ̀ sì ti ń jẹ tán. Ẹnìkan ní rípà, irin eléyín kan, ni kí n rà, ẹlòmíì ní àtàǹpàkò, irin tó ń bá bọ́kẹ́ẹ̀tì di nǹkan mú. Wẹ́dà kan sì ní òun lè jó méjèèjì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Haidírọ́líìkì

Àbúrò, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ò jọra. Rípà ló ń tú ilẹ̀ líle, àtàǹpàkò ló ń di nǹkan mú kó má baà bọ́. Ẹni tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń yọ̀ lórí yangí, rípà ló ń wá. Ẹni tí òkúta ń yí bọ́ lẹ́nu bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àtàǹpàkò ló ń wá. Iṣẹ́ tìẹ nílò méjèèjì, ṣùgbọ́n rípà ni kó ṣáájú.

Wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní agbára tí sílíńdà bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ (ọ̀pá tí ọ́ìlì ń tì) ń fi ká a wọlé jẹ́ tọ́ọ̀nù 4 tó bá dé ẹnu eyín. Eyín márùn-ún ló máa pín in, kílò 800 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Rípà ní eyín kan ṣoṣo, òun nìkan ló máa gba tọ́ọ̀nù mẹ́rin yẹn. Tún fi ti gígùn kún un: tí ẹnu eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì bá fi sẹ̀ǹtímítà 90 jìnnà sí píìnì, tí ẹnu rípà sì jẹ́ 70, tọ́ọ̀nù 4 yẹn ti di nǹkan bíi 5.1. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra rípà gígùn nítorí pé ó máa jìn. Bó ṣe ń gùn sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

Rípà, ńṣe la máa ń yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, tí a ó fi í sórí píìnì méjèèjì tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń lò. A kì í jó o mọ́ nǹkan kan. Àtàǹpàkò ni wọ́n ń jó mọ́ abẹ́ apá kékeré, ìyẹn apá tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn kan ná: báwo ni backhoe yẹn ṣe so mọ́ kátakàtà? Ṣé apá mẹ́ta tí wọ́n fi ń fa ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ oko ni wọ́n gbé e kọ́, àbí férémù irin wà lábẹ́ rẹ̀?

Àdìsá Kátakàtà

Férémù ni, sà. Ó ti ẹ̀yìn lọ títí dé ibi tí lódà so mọ́. Bọ́ọ̀tù ni wọ́n fi dè é.

Bàbá Haidírọ́líìkì

Ọkàn mi balẹ̀. Ká ní apá mẹ́ta lásán ni, ǹ bá ní kó o gbàgbé rípà pátápátá. Ilé gíà ẹ̀yìn kátakàtà oko, irin dídà ni, wọn ò ṣe é fún fífà sókè-sódò bẹ́ẹ̀. Ó máa sán níbi bọ́ọ̀tù, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò kẹ́ni tó wà lórí ìjókòó tó mọ̀. Ti férémù náà, mú pánà, yẹ gbogbo bọ́ọ̀tù rẹ̀ wò kó o tó bẹ̀rẹ̀, sì tún wọn fún lẹ́yìn wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí rípà bá ti ṣiṣẹ́.

Akọ Òkúta

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í rí bákan náà láàárín ilé méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Yangí lè wà níwájú ilé, kí akọ òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀. Yangí, rípà ń tú u. Òkúta tó ti jẹrà, tí ìlà ṣíṣán wà lára rẹ̀, rípà ń ṣe é dé àyè kan. Akọ òkúta tí kò tíì jẹrà tí kò sì sán, irú èyí tó yọrí jáde káàkiri ìlú láti Olúmọ títí wọ Odẹ́dá, kò sí rípà backhoe tó máa wọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ni yóò kàn tẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ mú hámà kílò 2, ẹ gbọ́n erùpẹ̀ kúrò lójú òkúta náà, kẹ́ ẹ lù ú. Tó bá dún gan-an-gan bí agogo, tí hámà sì ta padà lọ́wọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá dún púù, tí etí rẹ̀ rún, tí ojú hámà sì fi kòtò kékeré sílẹ̀, rípà máa ṣe é. Ẹ lù ú ní gbogbo mítà 5 lójú yàrà náà, kẹ́ ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tó bá dún gan-an-gan.

Àwọn òkúta roboto inú erùpẹ̀ yẹn, akọ ni inú wọn, àyíká wọn nìkan ló jẹrà. Ẹ má fi rípà gún àárín wọn rárá. Erùpẹ̀ tó yí wọn ká ni kẹ́ ẹ tú.

Kọ́ńtíráktọ̀ Àsèrò

Gbogbo wàhálà yìí ṣe jẹ́? Ẹ háyà hámà haidírọ́líìkì, ẹ fọ́ gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ tán. Rípà ò ní ibi tó ń lọ.

Akọ Òkúta

Ọ̀gá, ẹ má bínú, hámà ò bá yangí mu. Ohun tó bá le tó sì máa ń là ni hámà wà fún. Yangí ní ihò nínú, amọ̀ sì wà láàárín rẹ̀, ó ń gba ìlù náà mì. Ṣíṣẹ́ẹ̀lì hámà á kàn lu ihò wọlé, ìyẹ̀fun á dì í mú síbẹ̀, irin á gbóná, ẹ ó sì máa fà á yọ. Tó bá jẹ́ àwọn ibi tó dún gan-an-gan ni, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín.

Bàbá Haidírọ́líìkì

Ẹ tún rántí pé kátakàtà oko ni. Ọ̀pọ̀ wọn, ọ́ìlì tí pọ́ǹpù wọn ń tì jáde láàárín ìṣẹ́jú kan kò tó èyí tí hámà ń fẹ́. Ó máa lù, àmọ́ bí ẹni tó ń sùn ni, ọ́ìlì á sì gbóná.

Kọ́ńtíráktọ̀ Àsèrò

Ó dáa, mo gbà fún yangí. Ṣùgbọ́n kó fi owó hámà kan sílẹ̀ fún apá ìsàlẹ̀ yẹn o.

Wẹ́dà Láféńwá

Àdìsá, wẹ́dà tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, ẹ ní kó sinmi. Ẹ bi í léèrè irin tó fẹ́ fi ṣe rípà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbé wá ni spíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tàbí irin ojú irin. Méjèèjì le, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú wọn. Ẹ bá jó wọn ní tútù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á sán lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, kì í ṣe lójú jíjó gan-an. (Irin ojú irin sì tún ní ti ọlọ́pàá nínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá a lọ́wọ́ yín.) Rípà tí ilé iṣẹ́ ṣe, kódà kó jẹ́ tòkúnbọ̀, ló dáa jù, tí pléètì rẹ̀ kò bá tíì tẹ̀. Ẹ gbé e lélẹ̀, ẹ na okùn láti orí dé ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí i bó bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti àtàǹpàkò ni iṣẹ́ wẹ́dà wà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ gígùn pléètì ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jó, kó máa bá gígùn apá lọ. Ẹ má ṣe jó o kọjá ní ìbú apá náà, pàápàá ní orí pléètì méjèèjì. Ibi tí jíjó bá ti gba ìbú kọjá ni apá yóò ti ṣẹ́, torí pé abẹ́ apá yẹn ni ìfàgùn pọ̀ sí tó bá ń walẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí pléètì náà rí ṣonṣo tàbí roboto, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ jíjó dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí ibi tó parí.

Electrode E7018 ni, kì í ṣe E6013 tí a fi ń jó géètì. Gééjì 10 fún ìlà àkọ́kọ́, gééjì 8 fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Páálí tó ti ṣí sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nínú òjò yìí, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, ọ̀rinrin yẹn ló ń sán irin láti inú. Àwọn tiransifọ́má kéékèèké tó wà káàkiri kì í fẹ́ gbé E7018, ó máa ń kú lẹ́nu. Ẹ wá ẹ̀rọ DC, kẹ́ ẹ fi electrode sí pósítíìfù. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin á fi máa dán, ẹ fi iná gáàsì mú ojú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sì jó tán, ẹ má da omi lé e. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tan iná, ẹ yọ orí bátìrì méjèèjì àti wáyà alternator. Kílípù ẹ́ẹ̀tì, orí apá kékeré gan-an ni kẹ́ ẹ fi í sí, ní tòsí ibi tẹ́ ẹ ń jó. Tó bá wà lára férémù kátakàtà, iná yóò gba inú bọ́ṣì (òrùka irin tí píìnì ń gbé inú rẹ̀), píìnì àti sílíńdà kọjá, á sì jẹ ojú wọn.

Àdìsá Kátakàtà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wẹ́dà. Àtàǹpàkò tí mo rí jẹ́ oríṣi méjì: ọ̀kan ní irin gbọọrọ tó ní ihò mẹ́rin tí wọ́n ń fi píìnì sí, ìkejì ní sílíńdà tirẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Haidírọ́líìkì

Mú èyí tó ní ihò. Fún yàrà odi kan, sílíńdà kò pọn dandan.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Èyí tó ní sílíńdà nílò ojú ọ̀nà ọ́ìlì tó ń lọ tó sì ń bọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n to ojú ọ̀nà ọ́ìlì hámà sí nìkan, ọ̀nà kan ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbà lọ, kò lè ṣí kó sì tún pa àtàǹpàkò dé. Ìkejì, sílíńdà bọ́kẹ́ẹ̀tì lágbára ju ti àtàǹpàkò lọ dáadáa. Tó o bá di òkúta mú, tó o wá ń ká bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, bọ́kẹ́ẹ̀tì á ti àtàǹpàkò padà. Ọ́ìlì inú sílíńdà kékeré yẹn kò ní ibi tó máa gbà jáde, prẹ́ṣà rẹ̀ á ga kọjá ti pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, síìlì á fọ́ tàbí kí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀. Fáàfù tó ń tú prẹ́ṣà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín fáàfù ọwọ́ àti sílíńdà yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta á kì í fi fáàfù yìí sí i, ẹni tó rà á ló máa mọ̀.

Bó o ṣe máa wọn ibi tí ìdí rẹ̀ máa wà: gbé apá kékeré dúró gbọọrọ, ká bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdajì. Orí àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ pàdé eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kí ìka rẹ̀ sì bọ́ sí àlàfo àárín eyín, kó má kan eyín gan-an. Lẹ́yìn náà, ká bọ́kẹ́ẹ̀tì títí dé òpin, wò ó bóyá yóò gbá àtàǹpàkò. Tún ṣí i dé òpin, kó o ká àtàǹpàkò mọ́ abẹ́ apá, wò ó bóyá ó kan họ́ọ̀sì kankan. Fi jíjó kéékèèké mẹ́rin mú un, dán gbogbo ìyípo yìí wò, kí wẹ́dà tó wá jó o tán.

Tó o bá ń wa yàrà, ká àtàǹpàkò mọ́ abẹ́ apá pátápátá, kó o sì fi píìnì ti ìdí rẹ̀. Ẹni tó gbàgbé èyí, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á gbá a nígbà àkọ́kọ́ tó bá ká a wọlé.

Ọ̀gá Lífà

Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń wa rípà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bàjẹ́ jù.

Ìdúró ẹ̀rọ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ sọ ẹsẹ̀ ìdúró méjèèjì kalẹ̀ títí táyà ẹ̀yìn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì lódà iwájú mọ́lẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ wọlé díẹ̀, òun ló máa di kátakàtà mú kó má baà máa fà sẹ́yìn sínú yàrà. Tí ẹsẹ̀ ìdúró bá bọ́ sórí òkúta tó ń yọ̀, ẹ fi pákó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Tí backhoe yín bá jẹ́ irú èyí tó ń rìn lọ sọ́tùn-ún sósì lórí férémù, ẹ rí i pé ó ti há dáadáa.

Ẹ ṣí ilẹ̀ lójú kan ná títí ẹ ó fi la èèpo yangí já. Yangí sábà máa ń le lókè, kó rọ̀ nísàlẹ̀, amọ̀ aláwọ̀ pupa àti funfun lẹ máa bá lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí ihò kan tó já sí amọ̀ yẹn, ẹ ti rí ọ̀nà. Ẹ sún ẹnu rípà bọ abẹ́ èèpo náà, kẹ́ ẹ máa ṣí i sókè lọ, á máa ká kúrò bí èépá ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá ń họ ọ́ láti òkè ní gbogbo mítà 140, dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń jó dànù.

Ẹ fi apá ńlá (èyí tó so mọ́ ìdí backhoe) tẹ ẹnu rípà wọlé, kí apá kékeré wá fà á bọ̀, kí ẹ sì máa ká sílíńdà bọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ bó ti ń bọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 tó fún ìfà kan. Ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀rọ: tí fáàfù bá ń sunkún fíín, tí ẹ́ńjìnì sì tẹrí ba, rípà ò sì kúrò lójú kan, ẹ má dì í mú síbẹ̀. Ẹ dá a padà, ẹ mú díẹ̀ tàbí ẹ wá ìlà ṣíṣán mìíràn. Tẹ́ ẹ bá dì í mú bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì nìkan lẹ̀ ń sè.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe fi rípà gbá nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ láé. Tó bá ti wà nínú ilẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan lífà tó ń yí apá sọ́tùn-ún tàbí sósì. Rípà gùn, ẹsẹ̀ kan ló ní, gbogbo ìyípo yẹn á lọ sórí píìnì ìdí apá ńlá àti àwọn sílíńdà tó ń yí i, wọn ò sì ṣe àwọn yẹn fún irú ìyípo bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé apá sókè kẹ́ ẹ fi rípà já lu òkúta. Ẹ má sì fi kátakàtà wa iwájú nígbà tí rípà ṣì wà nílẹ̀.

Ìyá Àgbàlá Ìdí-Àbà

Ẹ jọ̀ọ́, páìpù omi ńkọ́? Òbàntókò yẹn, wọ́n ti sin páìpù àti wáyà káàkiri, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò jìn.

Ọ̀gá Lífà

Ìbéèrè gidi ni, mà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì lè jẹ́ kí èèyàn mọ̀ ọ́n lára tó bá kan páìpù, rípà ò ní jẹ́ kó mọ nǹkan kan, á ti gé e. Kí wọ́n fi ṣọ́bìrì àti ọwọ́ wa ihò wò ní gbogbo ibi tí yàrà náà bá ti dábùú ọ̀nà tàbí ẹnu géètì aládùúgbò, kí wọ́n sì fi bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ṣe mítà kan sí ọ̀tún àti òsì ibẹ̀.

Àdìsá Kátakàtà

Ṣé mo gbọ́dọ̀ máa yọ rípà tí mo sì máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i nígbà gbogbo? Píìnì méjì ni, ó máa ń gba àkókò.

Ọ̀gá Lífà

Rárá o. Fi rípà tú gbogbo ìpele àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ yàrà dé òpin, kó o tó yí i padà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì láti kó erùpẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ìpele kejì. Fún mítà kan jíjìn, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa yí i. Nígbà tó o bá ń lu píìnì jáde, lo ọ̀pá bàbà tàbí igi líle láàárín hámà àti píìnì, kó o sì wọ gíláàsì ojú, torí etí píìnì máa ń fọ́ fò. Gírísì ní gbogbo wákàtí 4 tí rípà bá ń ṣiṣẹ́, má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ẹnu rípà, tó bá rí bákan náà lójú méjèèjì, yí i padà kí ó má baà jẹ sí ojú kan. Má jẹ́ kó jẹ títí dé imú irin tó gbé e dúró. Ẹnu rípà kò wọ́n, imú yẹn ló ń ná èèyàn lówó.

Akọ Òkúta

Fún apá ìsàlẹ̀ tó ní òkúta roboto: ẹ fi rípà tú ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wa kòtò sí ẹ̀gbẹ́ kẹrin kó lè yí sínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àtàǹpàkò sí i. Ẹ má gbìyànjú láti fi àtàǹpàkò fa òkúta tó ṣì dì mọ́ ilẹ̀ yọ, gbígbé ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣírò ìwọ̀n òkúta náà kẹ́ ẹ tó gbé e. Akọ òkúta tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, ó jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.7. Èyí tó rí roboto tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ó wọn bíi kílò 300. Sẹ̀ǹtímítà 80, kílò 720. Mítà 1, tọ́ọ̀nù 1.4. Ẹ wo bó ṣe fò: ìdábùú ò tíì di ìlọ́po méjì, ìwúwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ẹ lọ wo ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀rọ yín sọ pé ó lè gbé nígbà tí apá bá nà tán, kẹ́ ẹ yọ ìwúwo àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Òkúta tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí i lórí ilẹ̀, ẹ má gbé e. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sí ibi tí apá máa gbà yípo.

Kọ́ńtíráktọ̀ Àsèrò

Èyí tó tó tọ́ọ̀nù 1.4 yẹn ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí hámà là á sí mẹ́ta níbi tó wà.

Wẹ́dà Láféńwá

Tàbí kí wọ́n yí odi díẹ̀ kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí oní-ilẹ̀ àti aládùúgbò bá gbà. Ó pọ̀ ní Abẹ́òkúta tí odi ń yà fún òkúta.

Àdìsá Kátakàtà

Ìbéèrè kan péré ló kù. Rípà tòkúnbọ̀ kan wà tí pléètì rẹ̀ nà dáadáa, àmọ́ ihò píìnì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 45, píìnì tèmi jẹ́ 38. Ẹni tó ń tà á ní kò burú, pé á kàn máa mì díẹ̀ ni.

Bàbá Haidírọ́líìkì

Mílímítà 7 kì í ṣe mímì díẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fà ni píìnì á máa lu ihò yẹn, kò ní pẹ́ tí ihò á fi di gbọọrọ, etí apá tìrẹ náà á sì bàjẹ́. Tí owó rẹ̀ bá dáa, rà á, kó o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe léètì. Ní kí wọ́n gé bọ́ṣì irin mẹ́rin, ìta rẹ̀ 45, inú rẹ̀ 38 pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ tí gírísì máa gbà, kí wọ́n sì tì í wọlé kó há. Má jẹ́ kí wọ́n fi páìpù lásán ṣe é.

Kó o tó sanwó, wọn àlàfo àárín etí rípà náà pẹ̀lú kálípà, kó o fi wé orí apá rẹ. Tí etí rẹ̀ bá fẹ̀ ju ti apá lọ, wáṣà nípọn lo máa fi dí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má baà máa rìn. Tó bá kéré ju ti apá lọ, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.